Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Ẹni Tó Ń Lo Amiodarone

Amiodarone ni oògùn tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège tàbí tó ń sáré kọjá bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ Belgium ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1961, ìrora àyà ni wọ́n sì fẹ́ fi tọ́jú nígbà náà. Ó ṣe díẹ̀ kí àwọn oníṣègùn tó ṣàkíyèsí pé ó ń mú ìlù ọkàn padà bọ̀ sípò, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yẹn ní 1985. Ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ikú òjijì. Àmọ́ oògùn tó le ni. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ewu rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ojú ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó wà nílé ti lè tètè rí i pé nǹkan ń yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ, ìyàwó, ọkọ tàbí àbúrò tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ń lò ó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Amiodarone kì í tètè jáde lára. Inú ọ̀rá ara ló ń fara pamọ́ sí. Bí èèyàn bá jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 58 kí ìdajì èyí tó kù lára tó lọ. Lára ẹlòmíràn ó lè jẹ́ ọjọ́ 15, lára ẹlòmíràn ó lè tó 142. Nítorí náà, ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kì í lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àǹfààní wà nínú kí a tètè rí i.

Ẹ ra ìwé àjákọ kan

Ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé ti tó. Lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀ (hóró tó wọ́pọ̀ jẹ́ miligíráàmù 200), iye ìgbà tí wọ́n ń lò ó lóòjọ́, àti orúkọ gbogbo oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò. Ẹ má fi oògùn tí ẹ rà ní kẹ́mísì sílẹ̀, ẹ má sì fi àgbo sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ oògùn kan, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀ tí orúkọ wà lára rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe wà lọ́jọ́ náà, kí oògùn tó ṣe ohunkóhun sí wọn. Ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lùwé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní báńkì. Ẹ ní kí wọ́n fi bíírò ya ìlà kan tó ń yí po láti àárín bọ̀ síta, bí ẹ̀yìn ìgbín ṣe máa ń yí, láìfi ọwọ́ lé tábìlì. Ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà iṣan pàápàá ń lo ìlà yìí láti mọ̀ bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n, nítorí ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n á ya ìlà tó ń ṣe wágunwàgun. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ya òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ tí ẹnu kò lè sọ.

Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé àga tí kò ní ìgbápálé síbi tí ó fara ti ògiri. Kí wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, kí wọ́n dìde dúró, kí wọ́n sì tún jókòó, ìgbà márùn-ún. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Ẹ fi fóònù wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí agbára wọn kò bá gbé e, ẹ kọ pé wọn ò lè ṣe é, kí ẹ má fipá mú wọn.

Oògùn náà nínú omi, ní ọsibítù

Kì í ṣe hóró nìkan ni amiodarone. Nígbà tí ọkàn bá ń sáré débi pé kò ṣeé dúró dè, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fún un sí, wọ́n á pò ó mọ́ omi, yóò sì máa kán wọlé fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí ni ewu apá ti kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣọ́ra ẹbí ti wúlò jù lọ, nítorí pé ní ọsibítù wa, nọ́ọ̀sì kan lè máa tọ́jú èèyàn púpọ̀ lóru, ẹbí ló sì ń jókòó ti ìbùsùn.

Oògùn yìí máa ń ta iṣan. Ó kan, àwọn ohun tí wọ́n fi yọ́ ọ sì ń bá ara iṣan jà. Bó bá pẹ́ nínú iṣan kékeré tó wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ní apá, iṣan náà lè wú, kí ó le, kí ó sì máa gbóná. Èyí tó tún burú jù ni pé kí ìdí abẹ́rẹ́ yẹ̀, kí oògùn náà máa ṣàn sínú ẹran dípò inú iṣan. Ẹran tó bá mu ún lè kú, awọ lè bó, ó sì lè di egbò tó nílò iṣẹ́ abẹ. Nítorí èyí ni òfin ìlò rẹ̀ ṣe sọ pé bí oògùn inú omi náà bá ki ju miligíráàmù 2 nínú mílílítà 1 lọ, tó sì máa lò ju wákàtí kan lọ, iṣan ńlá ọrùn tàbí àyà ni kí wọ́n gbé e gbà, kì í ṣe iṣan kékeré ọwọ́. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣọ́ ọ nìyí. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ ìbora bo ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Ní nǹkan bíi wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ fi wé ara wọn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan awọ tó wà lókè ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé, kí ẹ tún kan ibì kan náà ní apá kejì. Lára wa tó dúdú, pípọ́n awọ kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ má dúró dè é. Gbígbóná ni kí ẹ wá, àti wíwú, àti awọ tó fẹ̀ tó sì ń dán, àti iṣan tó le gbagidi bí ẹ bá fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sókè. Kí ẹ sì béèrè. Àwọn àgbà wa máa ń mú ìrora mọ́ra, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Ẹ má ní "Ṣé ẹ wà dáadáa?" Ẹ ní "Màmá, ṣé ó ń ta yín níbí? Ṣé ó ju ti àárọ̀ lọ?"

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, apá màmá ti ń wú níbi tí omi ń gbà wọlé. Ẹ bá wa dá a dúró, kí ẹ wá wò ó." Ẹ má fa abẹ́rẹ́ náà yọ fúnra yín, torí pé nọ́ọ̀sì lè fẹ́ kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀ fa oògùn tó ti ṣàn sínú ẹran jáde. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí yìnyín sí i láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ ṣe é. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé apá náà sókè. Bí ìka bá ń kú, bí apá bá le bí igi, tàbí bí ìrora bá ju ohun tí ojú rí lọ, dókítà ni kí wọ́n pè, kì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan: wíwú inú apá lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, iṣẹ́ abẹ ló sì ń tú u.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ abẹ́rẹ́, ẹ ṣì máa wo ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Iṣan tó le lè pẹ́ kó tó rọ̀, ìyẹn kò burú. Ibà, ọyún, tàbí awọ tó ń dúdú sí i tó sì ń gbẹ, ẹ gbé e padà sí ọsibítù.

Nílé: ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìwẹ̀

Ti hóró oògùn yàtọ̀. Ìyẹn kì í ṣe lójijì. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún ni iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti agbára lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, nítorí pé oògùn náà kì í jẹ́ kí ara yọ́ àwọn ọ̀rá kan bó ṣe yẹ, ọ̀rá náà á sì kóra jọ sínú iṣan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lò ó ló ń ṣe. Ẹni tó ti pẹ́ lórí rẹ̀ tàbí tó ń lo èyí tó pọ̀ ni kí ó ṣọ́ra jù.

Ẹ yan ọjọ́ kan tí ẹ kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àti àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan: ẹ̀gún tí wọn kò mọ̀ pé ó gún wọn, lílé tí bàtà fà, awọ tó là. Ẹni tó rí egbò lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀gbà tó débẹ̀ ti ń sọ nǹkan fún yín.

Ẹ wá mú òwú díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pa ojú dé. Ẹ fi òwú kan orí ọmọ ìka ńlá ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ fọwọ́ rọra kàn án, ẹ má fà á. Kí wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ṣe ti òsì, kí ẹ wá sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, àti àárín ojúgun. Nígbà mìíràn ẹ má fi kan ibì kankan, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á ní "bẹ́ẹ̀ ni" lásán. Iṣan tó bàjẹ́ nítorí oògùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dé nǹkan bí orúnkún ni ìka ọwọ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí òwú kò bá ṣeé mọ̀ lọ́mọ ìka tó sì ṣeé mọ̀ ní ojúgun, ẹ kọ ibi tí ó ti yí padà sínú ìwé. Ìlà yẹn ni dókítà máa fẹ́ mọ̀: ṣé ó ń gòkè ni, àbí ó dúró?

Ẹ tún fetí sí ọ̀rọ̀ wọn. Aláìsàn kan á ní ẹsẹ̀ òun ń ta òun bí ata. Òmíràn á ní ó ń jó òun lóru tí òun bá dùbúlẹ̀. Òmíràn á ní ó dà bíi pé òun wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kò wọ ọ́, tàbí pé ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ òun. Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa: sílípáàsì tó ń yọ lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n á rìn dé ilé ìdáná kí wọ́n tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣófo. Òmíràn ni pé tí wọ́n bá pajú láti bọ́jú níbi kànga tàbí báṣìnì, ara wọn á máa yẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ mọ́ ń fi ojú rìn. Tí ojú bá ti pa dé, tàbí tí iná bá lọ, kò sí ohun tí yóò fi mọ ibi tó wà.

Ẹ má fi rọ́ọ̀bù gbígbóná pa ẹsẹ̀ tó kú, ẹ má ki í bọ omi gbígbóná, ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Ẹni tí kò mọ gbígbóná kò ní mọ̀gbà tí yóò fi bó. Kí ẹlòmíràn máa fi ìgúnpá kan omi ìwẹ̀ wò. Kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, ilé ì báà jẹ́ ilé. Kí wọ́n gbọn inú bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn nígbà gbogbo, torí pé kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí iná yóò lọ.

Ní ti ọwọ́, ìgbọ̀n ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ife tíì, bí wọ́n ṣe ń bọ́tìn ẹ̀wù. Ẹ ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ fi bébà kan lé e lórí: bébà yóò fi ìgbọ̀n tí ojú kò rí hàn. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n buwọ́ lùwé kí wọ́n sì ya ìlà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìgbọ̀n yìí dínkù tí dókítà bá dín ìwọ̀n oògùn kù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó gbọ́.

Awọ náà ń yí padà lára àwọn kan. Ibi tí oòrùn ń pa, bí ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́, lè dà bí aró tó pò mọ́ eérú. Oòrùn díẹ̀ lè bó wọn. Ẹ̀wù alápá gígùn àti fìlà dára ju ìpara lọ ní tiwa, àmọ́ ẹni tó ní ìpara tó ń dènà oòrùn, kí ó fi kún un.

Itan tó rọ̀, àti oògùn ọ̀rá

Ó wà lọ́tọ̀ pé kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kú, ó wà lọ́tọ̀ pé kí ẹran itan àti èjìká má lágbára. Ẹ padà sí àga tí ẹ lò. Bí wọ́n bá ti ń fọwọ́ ti itan kí wọ́n tó dìde, tàbí tí àtẹ̀gùn ń nira, tàbí tí ọwọ́ kò gbé garawa mọ́, ẹran ara ni kí ẹ fura sí.

Bóyá wọ́n ń lo oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Simvastatin ni kí ẹ fojú sí jù. Amiodarone kì í jẹ́ kí ara yọ ọ́ kúrò bó ṣe yẹ, ó sì lè mú kí ẹran ara máa bàjẹ́. Nítorí náà, simvastatin ẹni tó ń lo amiodarone kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 20 lọ lóòjọ́. Ẹ wo páálí rẹ̀. Bí 40 bá wà lára rẹ̀, ẹ mú un lọ fún dókítà tàbí apòògùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Tí ìrora ẹran bá wá pẹ̀lú ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn mọ́, ọjọ́ yẹn ni, torí pé ẹran tó ń yọ́ lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ yẹra fún grapefruit. Ó ń jẹ́ kí amiodarone pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Thyroid

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 37 nínú 100 ìwúwo amiodarone tó jẹ́ iodine. Hóró miligíráàmù 200 kan ní tó miligíráàmù 75 nínú, bẹ́ẹ̀ ìdá díẹ̀ nínú miligíráàmù kan ṣoṣo ni ara àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Kókó thyroid tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń lo iodine, ó sì lè sáré tàbí kó dẹ̀. Tó bá dẹ̀, ẹran á máa wọ́, ọwọ́ á wúwo, ìka á máa kú lóru. Tó bá sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n, itan á rọ, èèyàn á rù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé oògùn ti ba iṣan jẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ thyroid ni kí ó kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n gbọdọ̀ ṣe é kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe é ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, pẹ̀lú ti ẹ̀dọ̀. Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọ́n ti ṣe é, ẹ lọ béèrè rẹ̀.

Kí ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi lé oògùn yìí

Ẹsẹ̀ tó ń jó pọ̀ láàárín wa fún ìdí mìíràn. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń fà á jù. Ọtí líle ń fà á, àgbo tí wọ́n fi ọtí pọn sì wà lára rẹ̀. Isoniazid, oògùn ikọ́ ife, ń fà á bí wọn kò bá fi fítámìn B6 sí i. Metformin tí èèyàn ti lò pẹ́ lè dín fítámìn B12 kù, kí ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ciprofloxacin tí a ń rà láìsí ìwé dókítà fún inú rírun àti fún ibà tí kò yé ni, òun náà lè ba iṣan jẹ́. Ẹni tó wà lórí amiodarone kò tilẹ̀ gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè, torí pé àwọn méjèèjì lè pawọ́ pọ̀ da ìlù ọkàn rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni quinine àti àwọn oògùn ibà kan.

Àtijọ́ ni a ti mọ̀ nílẹ̀ wa pé oúnjẹ pàápàá lè ṣe é. Ní ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí lórí àìsàn ẹsẹ̀ jíjó, ojú bàìbàì àti ìrìn tó ń yẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, ó sì so ó mọ́ májèlé cyanide inú ẹ̀gẹ́ tí àwọn èèyàn ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tó tó. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan èyí ni pé dókítà tí ẹ bá lọ bá lè béèrè oúnjẹ yín, ọtí yín àti ṣúgà yín kó tó fọwọ́ kan amiodarone. Ẹ má rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Bó bá jẹ́ pé amiodarone ló ń gba ọkàn yín là, kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ yín nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo amiodarone ní irú àìsàn tí yàrá òkè ọkàn ń gbọ̀n rìrì dípò kí ó lù. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró síbẹ̀ lè dì, ìdì náà lè já, kí ó sì lọ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibòmíràn. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ ní àsìkò tí oògùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìlù ọkàn bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó dìídì tún ìlù ọkàn ṣe àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ kan, kì í ṣe méjèèjì, bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gan-an, tó tutù ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú, tó sì ń kú: ẹ tẹ èékánná ọmọ ìka ńlá kí ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá padà, ìdì ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ má fi nǹkan gbígbóná sí i. Ẹ má gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, torí iṣẹ́ abẹ. Ẹ wá ọkọ̀, ọsibítù ńlá tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ sáré lọ, kì í ṣe kílíníìkì àdúgbò. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni ẹsẹ̀ lè fi dúró láìsí ẹ̀jẹ̀ kó tó di pé kò ṣeé gbà là mọ́, wákàtí yẹn sì ti ń kà láti ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀.

Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já geere, sítíróòkù ni. Ẹ má dúró kí ó "gbóná padà". Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ náà ni.

Ní ti ẹni tó ń lo warfarin, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, amiodarone ń mú kí warfarin lágbára sí i, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn. Dókítà sábà máa ń dín warfarin kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta títí dé ìdajì. Bí ara bá ń lé dúdú láìsí ohun tó gbá a, tàbí tí itan kan ṣàdédé wú tó sì le, àyẹ̀wò INR, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì hàn, ni lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún dókítà

Ẹ mú ìwé àjákọ lọ. Ẹ ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn kí ẹ tó jókòó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti "ara kò yá". Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Dókítà, ọdún méjì rèé tí bàbá ti ń lo amiodarone 200. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kò mọ òwú ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Lóṣù tó kọjá, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Sílípáàsì ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn." Ẹ fi ìlà tí wọ́n yà hàn án. Kí ẹ wá béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé a lè ṣe àyẹ̀wò thyroid, ṣúgà àti B12, ṣé ìwọ̀n oògùn yìí ṣeé dín kù, ṣé òmíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀ fún irú ọkàn tí wọ́n ní.

Bí dókítà bá dá a dúró, ẹ máa bá àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ. Iṣan lè padà, ó sì lè má padà tán, oṣù púpọ̀ ni yóò fi hàn. Gbogbo ìkìlọ̀ nípa oògùn tí kò gbọdọ̀ bá a pàdé ṣì wà fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí hóró tó gbẹ̀yìn ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níta náà. NAFDAC ń gba ìròyìn ìpalára oògùn ní Nàìjíríà, aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè fi ránṣẹ́. Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Yellow Card, tí wọ́n ti ń lò láti 1964. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ní MedWatch.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo tó kù: bí ẹ bá rí ohunkóhun nínú èyí tí mo kọ, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, kí ẹ má sì fi pamọ́ fún dókítà nítorí kí ó má baà dá a dúró. Ọkàn tó ti fara balẹ̀ nítorí oògùn lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá jáwọ́, nígbà tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ jáwọ́. Ẹ pe dókítà tàbí apòògùn lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé àjákọ náà ní ọ̀sẹ̀ yìí.